Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tó Bú Gbàmù Nílé Alhaji

Sátidé kan wà tí mo ti sapá títí kí n gbàgbé ẹ̀, ó kọ̀, kò lọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ fún yín, bóyá ara á tù mí. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Àwọn tó bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ò rí ààyè rín in.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ara mi kì í balẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Àǹtí Sìdí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Àgùdà nígbà náà, máa ń sọ pé tí mo bá ń se ìrẹsì, mo máa ń ṣí ìkòkò wò débi pé ojú á máa ti ìrẹsì. Irú èmi yìí ló wá lọ mú iṣẹ́ ìwádìí tó jẹ́ pé ìdúró ni gbogbo ẹ̀. Mò ń kàwé fún máásítàsì ní yunifásítì kan lápá Yàbá, iṣẹ́ tí mo sì mú ni láti fi ìṣirò sọ bí èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan, tó ń di ọtí líle tí èèyàn lè rọ sínú ọkọ̀ dípò bẹntiróòlù. Kì í ṣe pé mo fọwọ́ kan èèpo ẹ̀gẹ́ kankan o. Kọ̀ǹpútà ni mò ń fọwọ́ kàn.

Nínú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò yẹn á máa jẹ ṣúgà, á sì máa pọ̀ sí i. Bó ṣe ń jẹun ló ń sọ ṣúgà di ọtí, tó sì ń mí afẹ́fẹ́ jáde. Tó bá yá, ọtí tó ṣe fúnra ẹ̀ á pọ̀ jù fún un, á rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á dáwọ́ dúró. Mo ti kọ ìṣirò kan fún ṣúgà, òmíràn fún ìwúkàrà, òmíràn fún ọtí, òmíràn fún afẹ́fẹ́. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì kan, ohun tó máa gba kẹ́ẹ̀gì ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ á parí kí n tó ṣẹ́jú. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ náà bá mi lára mu?

Prọ́fẹ́sọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ìyá kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn máa ń mú bí abẹ́, wo gráàfù mi lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Ó rẹwà," ni wọ́n wí. "Ṣé ìwúkàrà ti gbọ́ nípa ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ ṣe é lójú ayé, kí n máa wọn ṣúgà náà bó ṣe ń dín kù, kí n wá fi wé ohun tí ìṣirò mi sọ. Tí méjèèjì bá bára mu, kí n máa bọ̀ níwájú àwọn tó máa dán mi wò. Tí wọn ò bá bára mu, mo tún máa lo ọdún mìíràn sí i nìyẹn. Ẹ̀rọ tó yẹ kí n lò ní láàbù ló wá jẹ́ pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti bà á jẹ́. Wọ́n ní a ṣì ń retí ẹni tó máa tún un ṣe. Èmi, kí n jókòó, kí n máa retí ẹnì kan? Ojú ẹsẹ̀ ni mo pinnu pé ilé ni màá ti ṣe é.

Ẹ̀yìn ọjà kan ní Mùṣín, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ni mo ti lọ bu èèpo ẹ̀gẹ́. Ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ bi mí pé ewúrẹ́ mélòó ni mo ní. Mo ní mi ò ní ewúrẹ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n káàánú mi, wọ́n sì bu sí i fún mi. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ padà, omi èèpo náà ń jò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bùrọ̀dá kan tó wọ bàtà funfun jókòó tì mí, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń wo àpò mi, ó tún ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ń wo ìta. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, bàtà náà ò funfun mọ́.

Mo débi tí mo ti ń se èèpo náà kí Àǹtí Sìdí tó dé láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Kí lò ń sè nínú ìkòkò ẹran iléyá mi?"

"Èèpo ẹ̀gẹ́ ni, mà."

Àǹtí yọjú wo inú ìkòkò. "Ṣé o ti lọ sọ fún ìyá ẹ pé a ò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

Mo yára ṣàlàyé pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, pé epo ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe.

"Epo ọkọ̀? Nínú ilé mi? Kó wá gbiná mọ́ wa lórí?"

"Kò lè gbiná rárá, Àǹtí." Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé "epo" ni mo pè é. Ọ̀rọ̀ náà "ọtí" ò jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan péré nínú ilé yẹn títí di Sátidé náà, mo sì nídìí. Alhaji, ọkọ Àǹtí, kì í mutí, wọn kì í jókòó níbi tí wọ́n ti ń mutí, mo sì ti rí wọn lójú mi tí wọ́n dá mọ́ọ̀tì padà níbi ìkómọ nítorí pé ìgò ẹ̀ jọ ìgò bíà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn wọn. Àwọn ló gbà mí sílé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí mi ò rí yàrá gbà ní Yàbá. Mi ò fẹ́ ohunkóhun tó máa mú kí wọ́n fi ojú mìíràn wò mí.

Mo da àgbàdo híhù tí mo ti lọ̀ sínú ẹ̀ kó lè sọ ọ́ di ṣúgà, mo sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan, mo bu ìwúkàrà sí i. Mo dá ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà lu, mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, mo fi ẹnu rọ́bà yẹn sínú abọ́ omi kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ jáde. Inú sítọ́ọ̀ ni mo gbé e sí. Sítọ́ọ̀ yẹn fara ti pálọ̀, ẹ̀yìn ògiri ẹ̀ sì ni jẹnẹrétọ̀ máa ń wà. Ó gbóná bí ààrò. Nínú ìṣirò mi, mo ti kọ ọ́ pé ìgbóná inú kẹ́ẹ̀gì kì í yí padà. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Mo wò ó, ó wò mí. Kọ̀ǹpútà mi sọ pé ó yẹ kó ti máa hó nígbà yẹn. Mo dúró títí, ara mi ò gbà á mọ́, mo bu ìwúkàrà sí i. Mo lọ jókòó. Mo dìde. Mo tún bu òmíràn sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbéra. Ó ń hó, ó ń kùn, omi inú abọ́ ń tú yaayaa. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó jẹun. Mo ní ọ̀pá gíláàsì kékeré kan tó máa ń léfòó nínú omi ṣúgà, tó sì máa ń rì sí i bí ṣúgà bá ṣe ń tán. Mo ti ṣe fóònù mi kó máa dún ní wákàtí wákàtí kí n lè lọ wọ̀n ọ́n. Ó dún nígbà tí Alhaji ń kírun lọ́wọ́. Ó dún nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ. Bó bá ti dún báyìí, màá sáré wọ sítọ́ọ̀, màá ti ilẹ̀kùn, màá tún jáde wá pẹ̀lú ọwọ́ tútù àti òórùn kan lára.

Nígbà tó yá, Àǹtí pè mí sí kọ́ńà.

"Sún mọ́ mi. Fẹ́ atẹ́gùn ẹnu ẹ sí mi nímú."

"Àǹtí, kí ló dé?"

"O kì í sùn. O kì í jẹun. O ń wọ sítọ́ọ̀, o ń jáde ní sítọ́ọ̀, o ń rùn. Fẹ́ ẹ sí mi kí n gbọ́."

Mo fẹ́ ẹ. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan dì mú, ṣùgbọ́n ojú wọn ò tú ká. Wọ́n ní ohunkóhun tí ì báà wà nínú sítọ́ọ̀, àwọn ò gbọ́dọ̀ gbóòórùn ẹ̀ ní Sátidé, nítorí pé àwọn àgbà mọ́sáláásí ń bọ̀ wá rí Alhaji. Wọ́n fẹ́ fi Alhaji ṣe alága ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀, Àǹtí sì ti ń rán aṣọ níkọ̀kọ̀, èyí tí àwọn fúnra wọn máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi Alhaji jẹ ẹ́.

Bó ṣe di àárọ̀ Sátidé nìyẹn, òórùn náà wá rinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Prọ́fẹ́sọ̀ sì ti ní kí n wá fi ohun tí mo ti rí hàn àwọn ní Yàbá kí wọ́n tó rìnrìn-àjò. Mo dúró nínú sítọ́ọ̀, mo ń ronú, mo ń fi ẹsẹ̀ kan gbá èkejì. Inú rọ́bà yẹn ni òórùn ń gbà jáde. Mo yọ rọ́bà. Mo wá ìdérí mìíràn tí kò lu, mo dé e, mo fi gbogbo agbára mi lọ́ ọ pinpin. Mo gbóòórùn: kò sí mọ́. Mo yin ara mi. Mo ní mi ò ní pẹ́ dé.

Ní ọ́fíìsì Prọ́fẹ́sọ̀, a tẹ́ àwọn nǹkan tí mo wọ̀n sórí gráàfù. Kò bá ìlà mi mu rárá. Ṣúgà ojú ayé ń tán kíákíá ju ti inú kọ̀ǹpútà lọ. Prọ́fẹ́sọ̀ bi mí bóyá ibẹ̀ ń gbóná. Mo sọ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo fi kún ìwúkàrà. Mo wo àjà, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n fi ìgbóná yẹn àti ìwúkàrà yẹn sínú ìṣirò, ká wò ó. Mo fi wọ́n sí i, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìlà ṣúgà wálẹ̀, ó sì gba orí àwọn àmì mi kọjá bíi pé ẹnì kan fi rúlà fà á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ìṣirò mi tọ̀nà!

"Ó dáa gan-an," ni Prọ́fẹ́sọ̀ wí. Wọ́n wá fi ìka sí ìlà pupa kan tó ń gòkè lọ fíofío. "Kí leléyìí?"

"Afẹ́fẹ́ tó ń jáde ni, mà."

"Ó mà pọ̀ o. Ibo ló ń gbà jáde nínú kẹ́ẹ̀gì ẹ?"

Mo ní, "Ó ní rọ́bà kan tí mo…"

Mi ò parí ẹ̀. Ìṣirò náà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń jáde. Èmi tí mo kọ ìṣirò ni ò mọ̀. Mo dìde, mo gbá kọ̀ǹpútà mi mọ́ àyà.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ilé ni, mà. Ó fẹ́ bú."

"Kí ló fẹ́ bú?"

Mo ti dé orí àtẹ̀gùn.

Mo ń pe fóònù Àǹtí nínú ọkọ̀, wọn ò gbé e. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bíi pé ẹsẹ̀ mi ló máa mú un sáré. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá ilé ìyàgbẹ́ ni mò ń wá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lè fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo wọ àdúgbò wa, mo bọ́ bàtà sọ́wọ́, mo sì ki eré mọ́lẹ̀.

Bàtà àwọn àgbà ti kún ẹnu ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé kò sí ọ̀nà mìíràn dé sítọ́ọ̀ àfi ká gba àárín pálọ̀ kọjá.

Mo wọlé. Alhaji wà lórí àga wọn, àwọn àgbà yí wọn ká nínú agbádá funfun, Bàbá Múfú tó dàgbà jù láàárín wọn sì jókòó síbi tó sún mọ́ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ jù lọ. Ta ló máa gba iwájú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sáré kọjá? Mo kúnlẹ̀. Mo kí Alhaji. Mo kí ẹni tó tẹ̀ lé wọn. Olúkúlùkù wọn ló ń dáhùn, tó ń bèèrè ìyá mi, tó ń bèèrè bàbá mi. Láti inú sítọ́ọ̀, mò ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Múfú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ọmọ dáadáa. Alhaji máa ń sọ̀rọ̀ ẹ fún wa. Kí lò ń kà gan-an ní yunifásítì?"

"Ìṣirò ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́…"

"Ìṣirò! Ó ṣòro o. Ọlọ́run á jẹ́ kó yé ẹ."

"Àmín, sà."

"Á jẹ́ kó wúlò fún ìlú."

"Àmín, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà…"

"Ohun tí ò ń ṣe níkọ̀kọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ."

Kí n tó ṣe àmín, ó bú. GBÀMÙ! Ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ fò ṣí, ìdérí kẹ́ẹ̀gì lọ lu àjà, fóòmù aláwọ̀ igi sì tú jáde lé wa lórí. Ó bo agbádá Bàbá Múfú. Ó bo ògiri. Ó bo fìlà Alhaji. Èyí tó kù rọra ń ṣàn lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń hó ṣìṣìṣì. Ẹnì kan kígbe pé ìbọn ni, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àga. Lẹ́yìn náà, òórùn wá dìde. Kò sí ẹni tí kò mọ irú òórùn tó jẹ́.

"Alhaji," ni Bàbá Múfú wí jẹ́jẹ́, tí nǹkan ń kán lára irùngbọ̀n wọn, "òórùn kí ni mò ń gbọ́ nínú ilé yín?"

"Epo ọkọ̀ ni, sà!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. "Èèpo ẹ̀gẹ́ ni mo fi ṣe é. Ó máa ń jó bí bẹntiróòlù. Ẹ wò ó, sà!"

Mo sáré mú ìṣáná ní kíṣìnnì. Mo bu díẹ̀ nínú ohun tó kù sínú àwo, mo ṣá ìṣáná, mo ti iná bọ̀ ọ́. Iná náà kú fìn-ín. Mo ṣá òmíràn. Ó kú. Gbogbo ohun tí mo kọ́ níléèwé ti sọ fún mi pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, pé àfi kéèyàn kọ́kọ́ sè é kó yọ omi yẹn kúrò kó tó lè jó. Níbi tí ara mi ò ti balẹ̀, mo gbàgbé. Àǹtí tó ti dé ẹnu ọ̀nà ń wò mí bí mo ṣe ń ṣáná sí ohun tí mo fi gbogbo ẹnu sọ fún wọn pé kò lè gbiná.

Bàbá Múfú ń wò mí pẹ̀lú sùúrù. "Ọmọ mi, ohun tó ń rùn bí ọtí, tó ń hó bí ọtí, tí kò sì jó bí epo, kí là ń pè é?"

Mo gbé ojú sílẹ̀. "Ọtí ni, sà."

"Mo gbé o!" ni Àǹtí kígbe.

Àkókò yẹn gan-an ni fóònù mi dún. Prọ́fẹ́sọ̀ ni. Mo ronú pé ìgbàlà dé, mo tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè máa gbọ́.

"Ṣé ó ti bú?" ni Prọ́fẹ́sọ̀ bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o wo aago? A nílò àkókò tó bú."

Bàbá Múfú na ọwọ́, wọ́n gba fóònù náà. "Ẹ káàsán o, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán ọmọ yìí pé kó wá máa pọntí nílé Alhaji?"

"Háà, rárá o, sà," ni Prọ́fẹ́sọ̀ dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Láàbù ni mo ní kó ti ṣe é. Mi ò mọ̀ pé ó gbé e wọlé yín."

Ìgbàlà mi nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ sínú fóòmù. Mo ti ń ro ibi tí màá kó ẹrù mi gbà, bóyá Jíbówú ni màá ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Alhaji dìde. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù.

"Ẹ má bínú nítorí aṣọ yín," ni wọ́n wí. "A máa fọ̀ ọ́. Ọmọ mi leléyìí. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣe, kò ṣàlàyé ẹ̀ yé mi dáadáa, ìyẹn máa kù sáàárín èmi àti òun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kúrò níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ pé ọmọ mi ń mutí. Mi ò ní gbà á."

Ibẹ̀ ni omijé mi ti bọ́.

Àwọn àgbà lọ. Mo fọ kápẹ́ẹ̀tì, mo fọ ògiri, mo fọ kọ́tìnnì, mo gun àga fọ àjà. Agbádá kọ̀ọ̀kan tí mo fọ̀ ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbé lọ fún ẹni tó ni ín. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe alága. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀. Alhaji ò fẹnu kàn án rí. Àǹtí ń fẹnu kàn án. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n bá fẹ́ fi mí mọ àlejò, wọ́n á ní, "Eléyìí ni ọmọ àbúrò mi tó fi èèpo ẹ̀gẹ́ gba ipò lọ́wọ́ ọkọ mi."

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ láàbù ṣe, Alhaji fúnra wọn ló fi ọkọ̀ wọn gbé èmi àti kẹ́ẹ̀gì tuntun lọ sí Yàbá. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n rọra ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí n ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má sì pe ọtí ní epo. Mo ṣàlàyé ẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sí i. Wọ́n ní, "Ká ní o sọ ọ́ fún mi báyìí lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀yìnkùlé ni mi ò bá ní kó o gbé e sí."

Mo yege nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dán mi wò bi mí pé kí ló dé tí àwọn àmì orí gráàfù àkọ́kọ́ fi dáwọ́ dúró lójijì láàárín ọ̀nà. Mo ní, "Ibẹ̀ ló ti bú, sà." Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò bèèrè ohun mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Ohun tó bá ń mí, ẹ má dé e pa. Tí ara yín ò bá sì balẹ̀ bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún onílé kí ẹ tó gbé nǹkan wọlé ẹ̀. Mo ti ń gbìyànjú láti jẹ́ onísùúrù látìgbà náà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì yẹn ò gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Tí òjò bá ti fẹ́ rọ̀ báyìí, òórùn díẹ̀ á tún rọra jáde lára ẹ̀. Tí mo bá wà níbẹ̀, èmi, Àǹtí àti Alhaji á kàn máa wo ojú ara wa. Alhaji ló máa ń kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.